Abo kan mú ọlẹ̀ 14 wá, èkejì mú òfo: ta ni ká dá lẹ́bi?

Àjàní_Texas

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣiṣẹ́ ní oko màlúù kan níhìn-ín ní Texas. Ọ̀gá mi ní àwọn abo kan tó fẹ́ kí wọ́n bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún. A wá ṣe èyí tí wọ́n máa ń gún ẹran lábẹ́rẹ́ họ́mónù FSH láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n ń wá akọ, a fi àtọ̀ sí wọn lára. Lọ́jọ́ keje dókítà dé, ó fi omi fọ ilé ọmọ wọn, ó kó ọlẹ̀ (ẹyin tí àtọ̀ ti mú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọ) tó bá níbẹ̀, ó sì gbé wọn sínú àwọn abo mìíràn tí yóò bá wọn gbé oyún.

Oògùn kan náà, ọjọ́ kan náà, akọ kan náà. Abo pupa kan tó ti ń dàgbà, tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, mú ọlẹ̀ 14 tó dára wá. Dúdú kan mú 5. Èyí tó ní àmì funfun níwájú orí mú 1. Èyí tó gba ipò kìíní níbi ìdíje, tí ọ̀gá mi fẹ́ràn bí ẹyin ojú, tó jẹ́ pé torí rẹ̀ gan-an la ṣe náwó yìí: òfo.

Ọ̀gá ní dókítà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Dókítà ní bí màlúù ṣe rí nìyẹn. Èmi tí mo ń gún abẹ́rẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń wò mí bákan báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Alápatà_Akínyẹlé

Ẹ ní kó gbé arẹwà yẹn wá sí Akínyẹlé fún wa, a mọ ohun tí a ó fi ṣe 😂

Ẹ má bínú o, àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń pa ẹran. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wá bá wa ní ìdájí pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́, wọ́n á ní ká bá àwọn yọ ilé ẹyin abo tí a bá dú. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju orógbó lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ẹ ó rí àwọn róro olómi tó ń dán lára rẹ̀. Ti abo kan á kún fọ́fọ́. Ti òmíràn, róro méjì mẹ́ta péré, ìyókù gbẹ. Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹran méjèèjì lóòró kí a tó dú wọn, ẹ ò lè mọ èwo ni èwo. Nígbà mìíràn èyí tó sanra tí ara rẹ̀ ń dán ló ṣófo nínú. N kò kàwé débẹ̀, ohun tójú mi ń rí ni mo sọ.

Dókítà_Ẹran

Alápatà, o ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà tán. Àwọn róro tí ò ń rí yẹn ni àpò tí ẹyin ń gbé inú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà Àjàní wà.

Àjàní, o kú iṣẹ́. Dókítà tó ní bí màlúù ṣe rí nìyẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó yẹ kó gbọ́ àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1951 tí wọ́n ti bí ọmọ màlúù àkọ́kọ́ nípasẹ̀ gbígbé ọlẹ̀ ní Wisconsin ni àwọn èèyàn ti ń bá àìdọ́gba yìí yí. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣàyẹ̀wò àbájáde fífọ̀ tó lé ní 2,000 lára àwọn abo màlúù tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, fífọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ẹyin àti ọlẹ̀ bí 11 jáde, nǹkan bí 6 nínú rẹ̀ sì dára tó láti gbé sínú abo mìíràn. Iye yìí ni àwọn tó ń ta iṣẹ́ máa ń kà fún oníbàárà. Ohun tí wọn kì í kà ni pé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kò mú ọlẹ̀ kankan tó wúlò wá rárá. Ìdá 64 kò tó iye tí wọ́n pín dọ́gba yẹn. Ìdá 30 péré ló mú ìdá 70 nínú gbogbo ọlẹ̀ náà wá. Tọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bá ba òfo kan láàárín mẹ́rin, kò sí ohun àrà níbẹ̀.

FSH kì í dá ẹyin o. Lọ́nà àdáyébá, àpò-ẹyin máa ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 21 tí abo fi ń yípo. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á dàgbà di ọ̀gá, á sì mú kí ìyókù kú. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ò ń gún ni pé kó gba àwọn tó yẹ kó kú là. Abo tó ní 40 nínú ọ̀wọ́ kan, oògùn rí 40 bá ṣiṣẹ́. Abo tó ní 8, kí ni oògùn fẹ́ rí gbà là? O lè da ìgò kan sí i sí i lára, owó ló máa bá a lọ.

Àmọ́ kí n tó gbà pé bọ́rọ̀ arẹwà yẹn ṣe rí nìyẹn, mo ní ìbéèrè. Òfo yẹn, irú òfo wo ni? Ṣé kò sí nǹkan kan nínú omi tí wọ́n fọ̀ jáde, àbí ẹyin wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n àtọ̀ kò mú un? Ojú ibi tí ẹyin kọ̀ọ̀kan bá ti jáde lára ilé ẹyin máa ń di kókó kan, skáànù sì máa ń fi í hàn lọ́jọ́ keje. Bi dókítà yín pé kókó mélòó ló kà lára abo kọ̀ọ̀kan. Tí kókó bá pọ̀ tí omi sì ṣófo, bóyá wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa, tàbí ọlẹ̀ sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Tí kókó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ara abo náà ni kò jẹ́ ìpè oògùn. Tí ẹyin bá pọ̀ tí kò sì sí èyí tó dọlẹ̀, ẹ yẹ àtọ̀ àti àkókò tí ẹ fi í sí wò. Ọ̀nà mẹ́ta ni, ìtọ́jú wọn kò jọra.

Àjàní_Texas

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Dókítà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé òfo ju irú kan lọ. Màá bi í lọ́la.

Ọmọ_Uberaba

Ẹ kú àlàyé o. Brazil ni mo wà, ìlú Uberaba ní Minas Gerais, ibi tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin màlúù oníké ní orílé-iṣẹ́ sí. Inú lábù IVF ni mo ń ṣiṣẹ́. Níhìn-ín, àwọn tó ń fọ ilé ọmọ ti dín kù gan-an. Ẹyin gan-an là ń lọ gbà lára abo, a ó sì fi àtọ̀ bá a pàdé nínú àwo. Lọ́dún 1981 ni wọ́n bí ọmọ màlúù àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Pennsylvania, Virgil ni wọ́n sọ ọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2016, ọlẹ̀ tó ń ti lábù jáde lágbàáyé ti ju èyí tí wọ́n ń fọ̀ jáde láti inú abo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ, kí ẹ lè rí ibi tí ìyàtọ̀ ti ń yọjú. A ó há abo mọ́ inú àgọ́ irin, a ó gún un lábẹ́rẹ́ nídìí ìrù kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kú. Dókítà á fi ọwọ́ kan gba ihò ìdí wọlé láti di ilé ẹyin mú, ọwọ́ kejì á di ọ̀pá skáànù tó wà lójú ara. Lójú ẹ̀rọ, àpò-ẹyin máa ń dúdú roboto. Abẹ́rẹ́ gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, ó ń fi í gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ afàmú, omi pupa-pupa á máa ṣàn bọ̀ sínú ìgò kékeré tó móoru. Èmi ni mo ń gbà á. Mo dà á sórí asẹ́, mo fi omi mímọ́ ṣàn án títí ẹ̀jẹ̀ á fi lọ, lẹ́yìn náà mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo ń wá ẹyin. Èyí tó dára máa ń ní aṣọ nípọn-nípọn yí ara rẹ̀ ká, inú rẹ̀ á ṣú dọ́gba. Èyí tó ti wà níhòòhò tàbí tí inú rẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, a máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹyin á gbó nínú ẹ̀rọ fún bí wákàtí 24, a ó fi àtọ̀ sí i, lọ́jọ́ keje sí i a ó rí iye tó dọlẹ̀. Tá a bá rí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, a ti ṣe dáadáa.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé ni pé kí n tó ka ẹyin rárá, àwọn tó ń di ẹran mú ti mọ iye tí màá bá. "Eléyìí, mú àwo sí i." "Ti eléyìí, má da ara rẹ láàmú." Wọn kì í sábà ṣì í. Abo tó mú 50 lóṣù tó kọjá, ìwọ̀n rẹ̀ náà ló máa mú lóṣù yìí. Èyí tó mú 6, kò ní ju bí 6 tàbí 8 lọ láyé ẹ̀. Abo Nelore méjì (ìran màlúù oníké kan), ọjọ́ orí kan náà, koríko kan náà.

Ìran náà tún ní tirẹ̀. Màlúù oníké bíi Nelore àti Gir máa ń ní àpò-ẹyin ju ti àwọn òyìnbó lọ dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ ká máa gba ẹyin lára wọn láì gún wọn lábẹ́rẹ́ FSH kankan. Nínú iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ṣe níhìn-ín lára àwọn màlúù oníwàrà, wọ́n rí nǹkan bí ẹyin 17 gbà lára Gir nígbà kọ̀ọ̀kan, ó ju 30 lọ lára àwọn tó jẹ́ ìdajì Gir ìdajì Holstein (màlúù oníwàrà àwọn òyìnbó). Holstein ló kéré jù.

Ẹ wá wo owó tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2023 wọ́n ta ìdá kan nínú mẹ́ta abo Nelore kan, Viatina-19, níbi gbàǹjo. Tí ẹ bá fi iye yẹn ṣírò odidi rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù 20 owó reais lọ. Ta ló ń ra ẹran ní irú iye yẹn fún ẹran jíjẹ? Ẹyin inú rẹ̀ ni wọ́n rà.

Agbẹ̀_Ọ̀yọ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì tíì rí mi gbà. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àkúnlẹ̀yàn ni, pé abo tó bá yan díẹ̀ lọ́run, díẹ̀ náà ni. Ṣebí Àjàní sọ pé ẹran ìdíje ni. A mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹran ìdíje: ọkà, ọkà, ọkà, títí ara á fi máa dán. Abo tó sanra jù kì í lóyún bọ̀rọ̀, bàbá mi tí kò lọ sí yunifásítì mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ọ̀rá lára rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó dá ilé ẹyin rẹ̀ lẹ́bi. Ooru Texas náà ńkọ́? Àtọ̀ tí wọ́n lò ńkọ́?

Dókítà_Ẹran

> Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àkúnlẹ̀yàn ni

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì, torí nǹkan méjì ni ẹ̀ ń so pọ̀. Ọ̀kan ni iye ẹyin, èkejì ni bí ẹyin náà ṣe dára sí.

Iye, mo dúró lórí ohun tí mo sọ. Àwọn onímọ̀ ní Ireland àti Michigan ka àpò-ẹyin lára àwọn abo léraléra, oṣù dé oṣù. Abo kan lè má ní tó 10, èkejì á ní ju 50 lọ, tẹ́ ẹ bá sì padà kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí ẹ fún àgbà abo tó máa sọ 8 di 40. Inú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti pín in fún un, ọmọ màlúù kì í tún ní ẹyin kún ti inú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i.

Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ òótọ́ kan láìmọ̀. Oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ lórí iye yẹn, kì í ṣe oúnjẹ abo náà fúnra rẹ̀ ni, ti ìyá rẹ̀ ni. Ní Ireland, iṣẹ́ kan tó jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé nígbà tí wọ́n dín oúnjẹ àwọn abo kan kù gidigidi ní ìdá kìíní nínú mẹ́ta oyún wọn, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní àpò-ẹyin tó kéré púpọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tóbi bí ẹgbẹ́ wọn, kò sí ohun tí ojú rí lára wọn. Ẹ wá rò ó wò nílẹ̀ wa, àwọn abo tó gboyún wọnú ọ̀gbẹlẹ̀.

Ní ti bí ẹyin ṣe dára sí, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀. Ìwádìí kan láti Scotland, ọdún 2005, fi hàn pé tí wọ́n bá ń bọ́ ẹgbọrọ abo tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ní àbọ́yó, ẹyin rẹ̀ kì í fẹ́ dọlẹ̀ mọ́, ó sì ń burú sí i bí wọ́n ṣe ń gbà á léraléra. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí wàrà ń fa ara rẹ̀ lọ, tirẹ̀ náà kì í dára. Ooru ńkọ́? Ẹyin tí ooru bá mú nígbà tó ṣì kéré, ó lè tó oṣù kan àbọ̀ tàbí méjì kí ìbàjẹ́ náà tó hàn. Ẹ rí ẹran lónìí tí ojú ọjọ́ ti tutù, ẹ̀ ń bú dókítà, ooru ti ṣe tirẹ̀ tipẹ́. Màlúù oníké máa ń fara dà á ju Holstein lọ.

Àjàní_Texas

Mo ti bi dókítà wa. Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kókó 😀 Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí.

Pupa tó mú 14: kókó lé ní 15. Arẹwà tó mú òfo: kókó méjì péré, inú omi kò sì sí nǹkan kan. Ó ní ó tún fi skáànù wò ó kí àwa tó bẹ̀rẹ̀, àpò-ẹyin rẹ̀ kéré, ó sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní ká máa bá a lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí: alámì funfun tó mú 1, kókó 11 ló wà lára rẹ̀! Ẹyin 9 ni wọ́n rí, 8 nínú rẹ̀ àtọ̀ ò mú un. Àtọ̀ tí wọ́n ti ṣa abo nìkan sínú rẹ̀ la sì lò fún gbogbo wọn, torí abo ni ọ̀gá fẹ́.

Dókítà_Ẹran

Ẹ ẹ̀ rí i? Abo méjì tí gbogbo yín rò pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Alámì funfun kò ní ìṣòro ẹyin rárá, abo dáadáa ni. Àtọ̀ tí wọ́n ṣà, mílíọ̀nù 2 sí 4 ló máa ń wà nínú ìgò tín-ín-rín kan, nígbà tí ti gbogboogbò sábà máa ń tó mílíọ̀nù 15 tàbí 20. Nígbà tí ẹyin 11 bá ń jáde láàárín wákàtí mélòó kan, díẹ̀ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kárí. Pupa gbà á, òun kò gbà á. Ẹ lo àtọ̀ gbogboogbò fún un, ẹ sì fi í ní wákàtí 12 àti 24 lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Tó bá sì ṣe pé abo nìkan lọ̀gá yín fẹ́, ẹ ronú nípa lábù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ́ ẹ ò béèrè: ẹ rí i pé kò sí àpò ńlá kan tó ti di ọ̀gá lórí ilé ẹyin rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ FSH. Tó bá wà níbẹ̀, yóò pa àwọn yòókù mọ́ oògùn yín lójú. Níbi tí òfin ti gbà á, wọ́n máa ń lo họ́mónù estradiol láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tuntun. Lọ́dọ̀ yín kò sí i fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi inú àpò ńlá yẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ FSH lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ọmọ_Uberaba

Ẹ̀gbọ́n Dókítà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Nínú lábù, ìgò àtọ̀ tí wọ́n ṣà kan ṣoṣo lè tó fún ẹyin ọ̀pọ̀ abo. Ìdí kan tó fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n akọ pẹ̀lú akọ kò jọra nínú àwo o. A ní akọ kan tí àtọ̀ rẹ̀ dára nínú oko, abo lóyún fún un wẹ́rẹ́, tó bá dé inú àwo, kò ní ṣe dáadáa. Ẹnì kan fi í gba ẹyin abo rẹ̀ tó dára jù, ó rí ọlẹ̀ méjì nínú ẹyin tó lé ní 20, ó ní abo rẹ̀ ti bàjẹ́. A yí akọ padà, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ìyá_Ṣakí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Wàrà ni mò ń tà, mo sì ní àwọn màlúù díẹ̀ lọ́wọ́ Fúlàní kan tó ń bá mi dà wọ́n. Funfun yìí náà ni, àwọn oníwo gígùn. Mo ń ka ohun tí ẹ̀ ń sọ látàárọ̀. Tèmi ni pé, àwọn tiwa yìí ṣebí oníké ni wọ́n? Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹyin wọn pọ̀ bíi ti Brazil yẹn? Ẹ̀ẹ̀kejì, èló ni mo máa kó jọ kí n tó lè ṣe irú rẹ̀?

Dókítà_Ẹran

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníké ni wọ́n lóòótọ́, ìran wọn sì bá ti India tan. Ṣùgbọ́n màá fẹ́ kí ẹnì kan fi skáànù ka tiwa gan-an kí n tó bá yín búra, torí nínú Nelore tí wọ́n ń yìn yẹn náà, ẹ gbọ́ tí ọmọ yẹn ní òmíràn ń mú 6.

Ní ti owó, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Màmá. Gbígbé ọlẹ̀ nílò náítrójìn olómi tí kò gbọ́dọ̀ tán, iná tí kò gbọ́dọ̀ lọ, àti abo tó pọ̀ tí ara wọn le tó láti gbé oyún. Nínú ọlẹ̀ méjì tí wọ́n gbé sínú abo, ẹ máa rí bí oyún kan, tí nǹkan bá lọ dáadáa. Nígbà tí àwọn abo tó máa gboyún bá ní àìsàn tó ń mú oyún bọ́, owó ńlá ló ń ṣàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ ní ìwé: abo wo ló bí, ìgbà wo ló bí, wàrà mélòó lòójọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún brucellosis, ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtọ̀ akọ tó dára sí àwọn tó ń ṣe dáadáa lára, ìyẹn kò wọ́n bí èyí.

Ọmọ_Kétu

Màmá, láti Benin ni mo ti ń kí yín. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní Girolando, ìyẹn Gir àti Holstein àdàlù láti Brazil, ní oko ìjọba kan ní Kpinnou níhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará yunifásítì wa ti kọ̀wé nípa wàrà wọn àti bí wọ́n ṣe ń bí. Ẹran tó wá lóòró, ẹran tí ẹ lè lọ fojú rí. Tó bá jẹ́ tèmi, ibẹ̀ ni màá ti wá àtọ̀ tàbí ọmọ akọ kí n tó dé ọ̀rọ̀ lábù.

Ìyá_Ṣakí

Ẹ ṣeun, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn, ọmọ Fúlàní tó ń bá mi dà wọ́n kò nílò ìwé, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Màá ní kí ọmọ mi obìnrin jókòó tì í, kó máa kọ ọ́.

Agbẹ̀_Ọ̀yọ́

Ó dáa, mo ti gbà nípa iye. Nǹkan kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Tí gbogbo ayé bá ń gba ẹyin lára abo tó ń mú 50 nìkan, tí a ń ti ẹni tó ń mú 6 sẹ́yìn, ṣé kò ní di pé gbogbo ẹran Brazil di ọmọ ìyá kan náà bó bá yá? Àbúrò Uberaba, dáhùn.

Ọmọ_Uberaba

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù yẹn ń bà wá. Ìwọ̀nba ẹran ló ti India wá níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Akọ kan, Karvadi, tí wọ́n kó wọlé nínú àwọn ọdún 1960, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ Nelore tó lórúkọ. IVF sì ń mú kó yára sí i, torí abo kan lè ní ọmọ tó pọ̀ lọ́dún kan. Èyí tó tún burú ni pé púpọ̀ ẹyin kò ní í ṣe pẹ̀lú púpọ̀ wàrà tàbí ẹran tó dára. Mo mọ àwọn abo tí wọ́n di ìyá gbogbo oko kìkì nítorí pé wọ́n rọrùn láti gba ẹyin lára wọn. Àwọn ọmọ wọn? Kò sí nǹkan kan lára wọn. Ní tèmi o, abo tó mú 6 tí wàrà rẹ̀ jẹ́ ti ìran, mo máa gba 6 náà lára rẹ̀, màá tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Lára fífọ̀, o ní láti dúró pẹ́ kó o tó tún ṣe é. Lára gbígba ẹyin, ó yá.

Àjàní_Texas

Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá gan-an nìyí. Ó ti gbà pé kí wọ́n máa gba ẹyin arẹwà dípò fífọ̀, kí wọ́n sì dín ọkà rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀, ẹ kú oríire, ọkà ti dín kù 😀 Ó tún fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó náwó lórí àwọn ẹgbọrọ abo tó kù, èwo nínú wọn ló máa ṣe dáadáa. Dókítà ní ká gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún AMH. Ọjọ́ wo la máa gbà á? Ṣé a máa kọ́kọ́ dúró kí wọ́n máa wá akọ ni? Ọmọbìnrin arẹwà méjì sì wà nínú wọn, ṣé tiwọn náà ti bàjẹ́?

Dókítà_Ẹran

AMH ni họ́mónù tí àwọn àpò-ẹyin kéékèèké fúnra wọn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àpò pọ̀ nínú ilé ẹyin. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ọjọ́ 21 yẹn, nítorí náà ẹ lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù yín, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má dúró de wíwá akọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti bàlágà ná, iye ti ọmọ kékeré máa ń yí.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn, lábù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kó o lọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí lábù kan ń kọ kì í bá ti lábù mìíràn mu, ti oníké sì máa ń ga ju ti Angus, ìran òyìnbó, lọ, torí náà ẹ má gbé nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wá fi wé tiyín. Ẹ to tiyín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìran pẹ̀lú ìran. Àwọn tó wà lókè, ẹ náwó FSH lé wọn lórí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi àtọ̀ sí wọn lára kí wọ́n máa bí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Iye tó kéré kò ní kí wọ́n má lóyún.

Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀: ìran ní ìpín nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá wọn náà kó tirẹ̀ wá. Mo ti rí ìyá tó mú díẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ju 30 lọ lójú skáànù. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì mọ́ ti àwọn yòókù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìgò náà wà nínú yìnyín títí dé lábù.